Bi Ìyá Sítóò: Ìwọ̀n ni kí ẹ wò, ẹ má wo ọ̀rá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kú ojú lọ́nà. Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi lóṣù yìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dá lé: oúnjẹ ti wọ́n. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣọ́ sítóò oúnjẹ ní ilé ìwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ló sọ mí ní Ìyá Sítóò. Wọ́n tún ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè mí bí mo bá ti kẹ́yìn, nítorí pé mi ò kì í fojú díwọ̀n ìrẹsì, orí òṣùwọ̀n ni mo máa ń gbé e lé. A ò ní kọ orúkọ yẹn síbí.

Lẹ́tà márùn-ún ni mo mú.

*Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Sítóò. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, mẹ́fà ni gbogbo wa nínú ilé. Ohun tí mò ń rà kò yí padà: ọ̀rá ìrẹsì kan náà, ike òróró kan náà, páálí mílíìkì kan náà. Mo ti gbà pé owó wọn ti lọ sókè. Ohun tí kò yé mi ni pé oúnjẹ tó ń bá wa dé òpin oṣù tẹ́lẹ̀ ti wá ń tán nígbà tí oṣù ṣì ku ọjọ́ márùn-ún. Ọkọ mi ní bóyá àwọn ọmọ ló ń jí i jẹ. Ṣé kí n máa ti ilé ìdáná pa ni? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin*

Ẹ má tì í. Kí ẹ tó fi olè jíjà kan ọmọ yín, ẹ wá ọ̀rá àtijọ́ kan, bí ó bá ṣì wà nílé, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí ẹ sì ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ méjèèjì. Ó kù díẹ̀ kí n búra pé ìwọ̀n tuntun ti dín. Àwọn tó ń ṣe ọjà mọ̀ pé bí àwọn bá fowó kún un, ẹ ó pariwo. Wọ́n á fi owó sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á wá bu díẹ̀ kúrò nínú ohun tó wà nínú rẹ̀. Páálí á ga bákan náà, ìdí ike á kàn wọnú sí i díẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀rá tó jẹ́ 1,000 gíráàmù tẹ́lẹ̀ wá di 900, owó rẹ̀ kò yẹ̀. Ẹ lè rò pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n mú. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kí 1,000 gíráàmù yín tó lè pé padà, ẹ ó fi owó tó lé ní ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ìrẹsì tó ń tó ọgbọ̀n ọjọ́ yóò sì tán ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Bí òróró náà bá dín báyìí, tí mílíìkì náà dín, tí ẹ sì ń fi ọ̀kan dí àlàfo èkejì, ọjọ́ márùn-ún tí ẹ ń wá kò jìnnà mọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, òfin ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé ìtajà ńlá láti lẹ ìwé síbi tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ wà fún oṣù méjì, kí oníbàárà lè mọ̀ pé ìwọ̀n dín, owó ò dín. Níbi tí kò bá sí ẹni tó máa bá yín lẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kà á.

Iye tí kílò kan tàbí lítà kan jẹ́ ni kí ẹ fi máa dá ọjà mọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ní òfin láti ọdún 1998 pé kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọjà. Bí wọn kò bá kọ ọ́ níbi tí ẹ ti ń rajà, ẹ̀rọ ìṣirò wà nínú fóònù yín, ẹ fi ìwọ̀n pín owó. Níjọ́ àkọ́kọ́ ojú á máa tì yín láti dúró níwájú òróró kí ẹ máa tẹ fóònù. Níjọ́ kẹta, ẹni tó dúró lẹ́yìn yín á bi yín pé èwo ló dáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ má yí ohunkóhun padà, ẹ kàn máa kọ ọ́. Ọjọ́ tí ẹ ṣí ọ̀rá, ẹ kọ ọ́. Ọjọ́ tó tán, ẹ kọ ọ́. Iye tí ẹ rà á àti ìwọ̀n rẹ̀, ẹ kọ ọ́. Nígbà tí mo gba sítóò, ẹni tó fà á lé mi lọ́wọ́ ń fi agolo bu ìrẹsì fún àwọn alásè. Agolo náà á kún dé òkè téńté lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, á sì dín ní ìka méjì lọ́jọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá jà. Mo ra òṣùwọ̀n, mo sì ń wọn ìrẹsì fún iye ọmọ tó wà nílé lọ́jọ́ náà. Kò sí ọmọ kan tó sọ pé òun ò yó. Nígbà tí oṣù parí, àpò méjì ṣẹ́kù nílẹ̀, ọ̀gá àgbà sì pè mí láti wá ṣàlàyé ibi tí mo ti rí i.

Ìwé yẹn ló máa fi ibi tí owó ń gbà lọ hàn yín. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo mọ obìnrin kan tó lè fi wákàtí kan gbáko ná àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n tí kì í wo iye tó wà lára ọtí ẹlẹ́rìndòdò kó tó kó o sínú agbọ̀n. Nínú ìwé tèmi, nǹkan márùn-ún ló ń kó ju ìdajì owó oúnjẹ ilé mi lọ. Mo gbájú mọ́ márùn-ún yẹn, mo fi ìyókù sílẹ̀. N kò ná àlùbọ́sà mọ́ rárá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìnákúnàá yín ló fà á. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Ernst Engel, yẹ ìnáwó àwọn ìdílé ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù wò, ó sì kọ ọ́ lọ́dún 1857 pé bí ìdílé bá ṣe tálákà tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpín tí oúnjẹ ń kó nínú ìnáwó rẹ̀ ṣe máa ń tóbi tó. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀wọ́n yìí fi ń ta yín ju bó ṣe ń ta ọ̀gá ọkọ yín lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àtẹ kan náà lẹ jọ ń mú ìrẹsì.

*Ìyá wa, ẹ bá wa dá sí i. Iye tí mo ń fún ìyàwó mi fún oúnjẹ ní ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ṣì ń fún un, mi ò dín in kù rí. Mo gbọ́ nínú ìròyìn pé ọ̀wọ́n-gógó ti ń rọlẹ̀, mo sì tún gbọ́ pé owó oúnjẹ ti wálẹ̀ lágbàáyé. Òun wá ní kí n fi kún un. Ṣé kì í ṣe pé ó ń rẹ́ mi jẹ? — Baálé Ilé*

Baálé Ilé, ìyàwó yín kò rẹ́ yín jẹ. Èdè ìròyìn ni kò yé yín, ẹ̀bi yín sì kọ́, mo ti rí èyí tí kò yé ẹni tó ń kà á lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé nǹkan kan jẹ́ 100. Lọ́dún kìíní ó fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, ó di 130. Lọ́dún kejì ó fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Ìròyìn á ní ọ̀wọ́n-gógó ti já láti 30 sí 10, wọn ò sì purọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan ọ̀hún ti di 143. Eré tó ń sá ló dínkù, kò pẹ̀yìn dà. Owó 100 tí ẹ kò dín kù rí yẹn kò lè ra 70 nínú ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dín in, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Ti àgbáyé tí ẹ gbọ́, FAO ni, ìyẹn Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló ń ṣírò rẹ̀ lóṣooṣù. Ọ̀wọ́ oúnjẹ márùn-ún ni wọ́n ń wò, ọkà, òróró, ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, ẹran àti ṣúgà, ní iye tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tà á fún ara wọn. Lóṣù kẹta ọdún 2022, lẹ́yìn tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine, ó ga dé ibi tí kò dé rí, lẹ́yìn náà ló wálẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ àlìkámà tó wà lébùúté kò tíì di búrẹ́dì. Owó epo ọkọ̀ wà nínú búrẹ́dì, owó iná wà níbẹ̀, owó ọ̀yà ẹni tó pò ó, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, àti iye tí wọ́n fi ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè. Àlìkámà lè wálẹ̀ kí gbogbo ìyẹn máa gòkè.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Fún Sátidé mẹ́ta, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ rajà. Ẹ má bá ìyàwó yín lọ o, ẹ̀yin nìkan, pẹ̀lú ìwé ohun tí ilé ń lò àti iye tí ẹ ń fún un, kí ẹ má sì fi owó àpò yín tì í. Ọkọ ẹnìkan tí a jọ ṣiṣẹ́ ṣe é. Ó jáde nílé tayọ̀tayọ̀, ó ń sọ fún gbogbo ará ilé pé òun máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń nájà. Ó dé pẹ̀lú àpò tí kò kún dé ìdajì, ó sì ń tú u wò, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ ti jí nǹkan nínú rẹ̀ lọ́nà.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ ò bi mí. Kí ni ìyàwó yín fúnra rẹ̀ ń jẹ? Nínú ilé tí oúnjẹ kò tó, ìyá ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ pé ebi ò pa òun. Ẹ wo àwo rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ tó pinnu lórí owó.

*Ẹ káàsán, mà. Èmi nìkan ni mo ń gbé, mo sì ń dáná fúnra mi. Gbogbo èèyàn ní kí n máa ra ọjà ńlá, pé ó ń dín owó kù. Ṣé òótọ́ ni fún ẹni kan ṣoṣo? — Àpọ́n Tó Mọ Ọbẹ̀ Sè*

Ọmọ mi, èmi tí mo jókòó yìí, tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣọ́ oúnjẹ ẹlòmíràn, mo ti da òróró ara mi nù. Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni. Èmi àti ọkọ mi nìkan ló kù nílé, mo sì ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25, nítorí pé lítà kan nínú rẹ̀ fi ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti ike kékeré. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, níbi tí oòrùn ti ń kí i káàárọ̀. Ìmọ́lẹ̀, ooru àti afẹ́fẹ́ ló ń ba òróró jẹ́, mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo máa ń pariwo rẹ̀ mọ́ àwọn alásè. Kó tó di oṣù kẹfà ó ti ń rùn bí ọ̀dà àtijọ́. Lítà mẹ́jọ ni mo dà nù. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, lítà 17 tí a rí lò wọ́n ju ti ike kékeré tí mo sá fún lọ dáadáa. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo kẹ́ẹ̀gì náà bí ó bá ti ń kọjá.

Nítorí náà, kí o tó ra ńlá, ka iye ọjọ́ tí o máa fi lò ó tán, kí o fi wé iye ọjọ́ tó lè wà láìbàjẹ́. Ìrẹsì, ẹ̀wà, iyọ̀, ọṣẹ, ó dáa. Òróró, ìyẹ̀fun, ohun tó ní wàrà nínú, ṣọ́ra. Má sì gbà pé ńlá ló máa ń dín owó ní gbogbo ìgbà. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí kílò kan nínú ọ̀rá ńlá wọ́n ju kílò kan nínú ọ̀rá àárín lọ, nítorí pé olùtajà mọ̀ pé ẹ ò ní ṣírò rẹ̀.

Wá àpọ́n méjì sí i. Ẹ dáwó ra àpò kan, kí ẹ gbé òṣùwọ̀n sórí tábìlì, kí ẹ pín in lọ́jọ́ náà gan-an lójú gbogbo yín. Bí ẹ bá ní ẹ máa pín in lọ́la, ìjà ti dé nìyẹn. Ìpín tìrẹ, bí o bá ní fírísà, kó ìrẹsì àti ẹ̀wà náà sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kí o tó dà á sínú ike tó lómọrí. Ẹyin kòkòrò máa ń wà lára ẹ̀wà tí ojú ò ní rí i, òtútù ló ń pa á. Kọ déètì sórí ike. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde, òfin sítóò nìyẹn, má da tuntun lé àtijọ́ lórí.

Bí o bá ń ra ẹja tó dì, wo yìnyín tó bò ó. Nígbà tó bá yọ́, omi ni o máa rí nínú abọ́, bẹ́ẹ̀ iye ẹja lo fi rà á.

*Mà, ẹnìkan ń ta ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu díẹ̀ ní ìdajì owó. Bí mo bá ṣà á, tí mo fọ̀ ọ́, tí mo sè é jinná dáadáa, ṣé kò ní dáa? — Aláṣerò*

Rárá. Má rà á.

Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà tó ti bu ṣe ni wọ́n bá. Bí wọ́n ṣe mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, ó sì lè fa jẹjẹrẹ síbẹ̀. Ojú ò rí i, ẹnu ò tọ́ ọ wò, iná ìdáná wa kò sì gbóná tó láti mú un kúrò. Má fún adìẹ jẹ pẹ̀lú, wàá tún fi ọwọ́ ara rẹ gbà á padà.

Bí o bá ń wá ọjà tó dín owó, ìrẹsì tó ṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni kí o rà, ìrẹsì kan náà ni. Tòmátò tó rọ̀ tó sì ti bẹ́ lára dáa, bí o bá máa sè é lọ́jọ́ náà tí kò sì bu. Búrẹ́dì àná dáa. Sí ti déètì ara páálí, oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan ń sọ ọjọ́ tí adùn oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ìkejì ń sọ ọjọ́ tí a ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ mọ́. Ẹran àti ẹja ni ìkejì sábà máa ń wà lára wọn. Má bá ìkejì ṣeré.

*Ìyá Sítóò, mo fi ẹ̀wà rọ́pò ẹran ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ń ṣe bí ẹni pé mo fi wọ́n sẹ́wọ̀n. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń lọ sínú garawa ìdọ̀tí. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ohun tí ẹ ṣe dáa, ẹsẹ̀ yín ló yá jù. Kílò ẹ̀wà gbígbẹ kan, bí ẹ bá sè é tán, yóò wọ̀n ju kílò méjì lọ, àádọ́ta gíráàmù rẹ̀ kí ẹ tó sè é sì ní èròjà amáradàgbà tó ju ti ẹyin kan lọ. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì, ohun tí kò tó nínú ọ̀kan, èkejì á kún un. Ṣùgbọ́n kí ni èrè ẹ̀wà olówó pọ́ọ́kú bí garawa ló ń jẹ ẹ́? UNEP, ẹ̀ka Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, kọ ọ́ lọ́dún 2024 pé oúnjẹ tó ṣòfò lágbàáyé lọ́dún 2022 tó bílíọ̀nù 1.05 tọ́ọ̀nù, àti pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jáde láti inú ilé bíi tiwa.

Ẹ padà sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Láwọn ọjọ́ yòókù, ẹ gé ẹran sí wẹ́wẹ́ kí ẹ sì lo ìdajì, kí ẹ fi ẹ̀wà díẹ̀ tí ẹ ti lọ̀ sínú ọbẹ̀ náà. Wọn ò ní mọ̀. Ẹ bu díẹ̀ fún wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ tún wá bu sí i. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú ìkòkò, pàápàá ìrẹsì, kí ó má kọjá wákàtí méjì níta kó tó wọ fíríìjì. Kòkòrò àìfojúrí kan máa ń wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán, bí ó bá pẹ́ níta á tu májèlé síbẹ̀, gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì kò sì ní mú un kúrò.

Ẹ sì bi àwọn ọmọ náà léèrè. Nílé ìwé, mo máa ń wọn garawa ìdọ̀tí bí mo ṣe ń wọn ìrẹsì, garawa ọjọ́ Sátidé, tí a máa ń se ẹ̀wà, ló sì máa ń wúwo jù. Mo pààrọ̀ alásè. Mo fi òróró kún un. Mo ní kí wọ́n dín ata kù. Garawa ò fúyẹ́. Lọ́jọ́ kan mo pe ọmọkùnrin kan láti kíláàsì àkọ́kọ́, mo ní kí ló ṣe ẹ̀wà mi gan-an? Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ọmọdé. Ó ní ẹ̀wà náà dùn, mà, ṣùgbọ́n Sátidé ni àwọn òbí ń wá wò wá, a ti yó kí agogo oúnjẹ tó lù.

A gbé ẹ̀wà lọ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.